Ohun Líle Kì Í Sinmi: Bí A Ṣe Ń Fi Òtútù àti Òòfà Mọ Ìrìn Mólékù



Nígbà tá a wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé nínú gáàsì, mólékù ń fò kiri bí eṣinṣin. Nínú olómi, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá bí èrò ọjà. Nínú ohun líle ńkọ́? Wọ́n ní kálukú dúró sí àyè rẹ̀, ó kàn ń gbọ̀n díẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó kù díẹ̀ kó pé. Àwọn mólékù kan wà nínú ohun líle tí wọ́n ń yí bí òkòtó ọmọdé. Àwọn míì ń fò láti ìhà kan sí ìkejì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá mú ohun náà dání, ó le gbagidi.

Irú ìrìn yìí ni mò ń kọ́ nípa rẹ̀ lọ́wọ́, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán o. Tẹ́ ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ó kan oògùn tó wà nínú ilé yín, pàápàá ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú, tí iná ò sì dúró.

Ẹ kọ́kọ́ wo fáànù

Ká ní fáànù òkè àjà ń yí kíákíá. Apá mélòó ló ní? Ẹ ò lè sọ. Gbogbo rẹ̀ ti di àwo roboto kan lójú yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí NEPA mú iná lọ. Fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra yí, títí ẹ ó fi rí apá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì kà á: mẹ́ta.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, ohun tí ojú rí dá lórí bóyá nǹkan náà yára ju ojú lọ tàbí kò yára tó o. Èkejì, tá a bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń yí, a ní láti lè dín eré rẹ̀ kù, ká sì wo ibi tí àwo roboto yẹn ti di apá mẹ́ta padà.

Ojú wa ò lè rí mólékù. Ohun tá a fi ṣe ojú ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní NMR. Ohun tá a fi ṣe NEPA ni òtútù, torí pé ìgbóná ló ń fún mólékù lágbára láti mira. Bí ìgbóná bá ṣe ń dín kù ni ìrìn wọn ń falẹ̀.

Òtútù tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti ọyẹ́ Jos o. Náítrójìn olómi ń hó ní -196 °C. Hílíọ̀mù olómi tún tutù jù ú lọ, -269 °C ni tiẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá tí nǹkan kan ò lè tutù kọjá ni -273.15 °C. Láti ìsàlẹ̀ yẹn ni ìwọ̀n Kelvin ti ń kà, nítorí náà náítrójìn olómi jẹ́ 77 K, hílíọ̀mù olómi sì jẹ́ nǹkan bíi 4 K. Kelvin yìí ni màá máa lò jù.

Òkòtó tó wà nínú átọ́ọ̀mù

Kóró àárín átọ́ọ̀mù háídrójìn dà bí òòfà kékeré kan tó tún ń yí bí òkòtó. Ẹ rántí bí òkòtó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ dà: ara rẹ̀ ń yí, orí rẹ̀ náà á tún máa fì yíká. Tá a bá gbé kóró háídrójìn sínú òòfà ńlá, orí òun náà á máa fì yíká. Bí òòfà náà bá ṣe lágbára tó ni fífì náà ṣe ń yára tó. Nínú òòfà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 2.35 tesla, ó ń fì ní ìgbà mílíọ̀nù 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni 100 MHz, àárín ibi tí ilé iṣẹ́ rédíò FM wà gan-an, láti 88 dé 108.

Nítorí náà, rédíò la fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. A ó fi ìgbì rédíò tó bá eré wọn mu kàn wọ́n, wọ́n á gbà á, lẹ́yìn náà wọ́n á máa dáhùn padà. Wáyà tá a ká yí ohun tá à ń yẹ̀ wò ló ń gbọ́ ìdáhùn wọn.

Ohun líle ni ọ̀kan nínú àwọn ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dán an wò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, Edward Purcell, Henry Torrey àti Robert Pound rọ ìda paraffin, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, sínú àpótí irin kan. Ìda náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Ìbẹ̀rù wọn ni pé nínú ohun líle, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí kóró háídrójìn tó fara balẹ̀ sínú òòfà. Kò gba bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn mólékù inú ìda náà ń mira. Ní àsìkò kan náà, Felix Bloch àti àwọn tiẹ̀ ń fi omi ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Stanford. Purcell àti Bloch jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1952.

Aládùúgbò ló ń da ohùn rú

Tá a bá ya àwòrán ohun tá a gbọ́ látinú omi, ìlà kan ṣoṣo la máa rí, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ohun líle ni, ìlà náà á fẹ̀ bí òkìtì. Ìbú rẹ̀ lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá Hz, nígbà tí ti omi lè má tó 1 Hz.

Kí ló fà á? Aládùúgbò ni. Kóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ òòfà, nítorí náà òòfà ńlá tiwa nìkan kọ́ ló ń gbọ́, ó tún ń gbọ́ ti àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Aládùúgbò tó wà níwájú lè fi díẹ̀ kún un, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè yọ díẹ̀ kúrò. Báyìí, ohùn wọn ò ní bára mu mọ́, bí ẹgbẹ́ akọrin tí kálukú mú ohùn tiẹ̀.

Nínú omi, mólékù ń ta kìtì láti gbogbo ọ̀nà, ó sì yára débi pé ohun tí aládùúgbò fi kún un ní ìhín, á yọ ọ́ ní ọ̀hún. Gbogbo rẹ̀ á pa ara rẹ̀ rẹ́. Nínú ohun líle tí kò sí ẹni tó mira, kò sí ìparẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n tí mólékù inú ohun líle bá rí ọ̀nà yí, kódà tó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo, apá kan á pa rẹ́, ìlà á sì tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀.

Ṣé ẹ ti rí i? Ìbú ìlà náà ni olófòófó. Tó bá fẹ̀, wọ́n dúró, tàbí ìrìn wọn ò tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń sáré. Bí fáànù náà ló rí.

Benzene, ọdún 1953

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti benzene. Kárbọ̀nù mẹ́fà ló so pọ̀ bí òrùka onígun mẹ́fà, háídrójìn kọ̀ọ̀kan sì wà létí kárbọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Olómi ni tó bá wà lórí tábìlì, àmọ́ tó bá tutù dé 5.5 °C, ó ti dì nìyẹn.

Ní 1953, Raymond Andrew àti R. G. Eades gbé iṣẹ́ kan jáde lórí benzene tó ti dì. Wọ́n mú un tutù díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń wọn ìbú ìlà rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Láti ibi tó ti dì títí dé 120 K, ìlà náà tẹ́ẹ́rẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ ìbú rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 1.6. Láàárín 120 K sí 90 K, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Nígbà tó lọ sísàlẹ̀ 90 K, ó ti di nǹkan bíi 9.7, kò sì fẹ̀ mọ́ bó ti wù kí wọ́n mú un tutù tó.

Ẹ jẹ́ ká túmọ̀ rẹ̀. 120 K jẹ́ -153 °C. Ní irú òtútù yẹn, tí benzene ti le bí yìnyín tó ti pẹ́, mólékù inú rẹ̀ ṣì ń yí! Ó dìgbà tó bá kọjá sísàlẹ̀ 90 K, ìyẹn -183 °C, kí ìyípo náà tó falẹ̀ débi tí NMR fi máa ka wọ́n sí ẹni tó dúró.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ irú ìyípo tó jẹ́? Nọ́ńbà yẹn náà ló sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ó ń ta kìtì láti gbogbo ọ̀nà bíi ti omi ni, ìbú ìlà ì bá wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò fi hàn pé tí òrùka náà bá ń yí níbi tó tẹ́ sí, bí táyà tí wọ́n fi lélẹ̀ tí ẹnì kan wá ń yí i láìgbé e kúrò, ìpín tó ti inú mólékù fúnra rẹ̀ wá á wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Kí wọ́n lè mọ ìpín yẹn yàtọ̀ sí ti àwọn aládùúgbò, wọ́n tún wọn benzene tí wọ́n ti fi deuterium rọ́pò díẹ̀ nínú háídrójìn rẹ̀. Deuterium jẹ́ ẹ̀gbọ́n háídrójìn, ó wúwo jù ú lọ, àmọ́ òòfà tiẹ̀ ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò àti ìwọ̀n wá bára mu.

Kí ló dé tí X-ray ò fi rí i?

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí X-ray ló ń fi ibi tí átọ́ọ̀mù wà hàn nínú kírísítálì. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ fojú inú wò ó pé ọmọ ilé ìwé mẹ́fà jókòó yí tábìlì ká, yunifọ́ọ̀mù kan náà, ojú kan náà, ìbejì lọ́nà mẹ́ta. Afọ́tò ya fọ́tò. Ó ṣẹ́jú, àwọn ọmọ náà dìde, kálukú sún sórí àga tó kàn, wọ́n jókòó. Afọ́tò tún ya òmíràn. Tẹ́ ẹ bá gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Ohun tí benzene ń ṣe gan-an nìyẹn. Tó bá fi 60° yí, háídrójìn kọ̀ọ̀kan á bọ́ sí àyè èyí tó tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n wà ò yí padà, ẹni tó wà níbẹ̀ ló yí padà. X-ray ń sọ ibi tí àga wà. NMR ló ń sọ pé àwọn ọmọ ń pààrọ̀ àga, àti bí wọ́n ṣe ń yára pààrọ̀ rẹ̀ tó.

Bí ẹni ń ti jáńgílọ́fà

Ìbú ìlà nìkan kọ́ là ń wò. A tún máa ń wo iye àsìkò tó gba kóró kí ara rẹ̀ tó balẹ̀ lẹ́yìn tá a ti fi rédíò dà á láàmú. T1 la ń pe àsìkò yìí. Kóró kò lè dá fara balẹ̀, àfi tí nǹkan kan bá gba agbára tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìrìn mólékù ló sì ń gbà á.

Tẹ́ ẹ bá ti ti ọmọ lórí jáńgílọ́fà rí, ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá yára tì í jù, kò ní lọ dáadáa, tẹ́ ẹ bá falẹ̀ jù, kò ní lọ. Ó di ìgbà tí ọwọ́ yín bá bá fífì rẹ̀ mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni T1. Ó máa ń kúrú jù nígbà tí eré mólékù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú eré tí kóró fi ń fì. Nicolaas Bloembergen, Purcell àti Pound ló ṣàlàyé èyí ní 1948. Nítorí náà, bá a ṣe ń mú nǹkan tutù, a ó rí i tí T1 ń kúrú, ń kúrú, tó dé ìsàlẹ̀, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ibi ìsàlẹ̀ yẹn ń sọ fún wa pé ní ìwọ̀n òtútù báyìí, eré mólékù jẹ́ báyìí. Láti ibẹ̀, a lè ṣírò gíga òkè tí mólékù ń gùn kó tó lè yí.

Ìdí pàtàkì nìyí tá a fi nílò òtútù. Nínú ohun kan ṣoṣo, ìrìn lè tó mẹ́ta mẹ́rin: apá kan ń yí, òmíràn ń fò, odidi mólékù ń gbọ̀n. Nínú ooru, gbogbo wọn dàpọ̀ mọ́ra. Òtútù ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ká lè gbọ́ tẹni tó kù.

Bọ́ọ̀lù tí kò gbọ́ ti pé òun wà nínú ohun líle

Ní 1985, Harold Kroto, Robert Curl àti Richard Smalley rí mólékù kan ní Yunifásítì Rice ní Texas: kárbọ̀nù 60 tó so pọ̀ bíi bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. C60 ni wọ́n ń pè é, ó sì fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní 1996. Nígbà tí àwọn èèyàn fi NMR wò ó ní 1991, wọ́n rí ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun líle ni. Àwọn bọ́ọ̀lù náà ń yí lórí ìjókòó. Ní 283 K, ìyẹn 10 °C, bọ́ọ̀lù kan ò nílò ju ìdá kan nínú ìdá bílíọ̀nù 100 ìṣẹ́jú àáyá láti kọ ojú síbòmíràn. Ẹ gbọ́ o: ó ń yí nínú ohun líle yẹn yára ju bó ṣe ń yí nígbà tí wọ́n pò ó mọ́ olómi lọ!

Tó bá kọjá sísàlẹ̀ 260 K, ìyípo ọ̀fẹ́ yẹn á dópin. Á wá máa fò láti ipò kan tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn sí òmíràn. Tí wọ́n bá sì mú un dé 77 K, ìlà á fẹ̀ gan-an: fáànù ti dúró.

Ṣé gbogbo nǹkan ló wá ń dúró tí òtútù bá pọ̀ tó? Rárá o. Àwọn mólékù kan ní ẹ̀ka kékeré tí kárbọ̀nù kan gbé háídrójìn mẹ́ta dání, bí fáànù alápá mẹ́ta. Nínú àwọn kan, kódà ní 4 K, tí kò sí agbára láti gun òkè kankan mọ́, àwọn háídrójìn mẹ́ta yẹn ṣì ń pààrọ̀ àyè. Wọn ò gun òkè, àárín òkè ni wọ́n gbà kọjá. Òfin quantum ló gbà wọ́n láyè, NMR sì wà lára ohun tá a fi ń rí i.

Kí ló kàn wá nínú rẹ̀?

Oògùn. Ọ̀pọ̀ oògùn òde òní kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, oògùn tí kò bá sì yọ́ nínú ikùn ò ní dénú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ kan ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí mólékù rẹ̀ tò bíi ti kírísítálì. Wọ́n á jẹ́ kó dì ní jàgídíjàgan, bí gíláàsì. Irú ohun líle bẹ́ẹ̀ máa ń tètè yọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé inú rẹ̀ ò balẹ̀. Tí mólékù bá rí àyè rìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tún ara wọn tò padà sí kírísítálì, oògùn ò sì ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́.

Ẹ ti rí i rí. Súìtì líle, gíláàsì ṣúgà ni. Tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀ nígbà òjò, ọ̀rinrin á wọ̀ ọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Omi ló fún mólékù rẹ̀ láyè láti rìn. Ooru náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Indomethacin, oògùn ara ríro, máa ń rọ̀ kúrò ní ipò gíláàsì ní nǹkan bíi 42 °C. Ohun tí àwọn onímọ̀ oògùn sì máa ń tẹ̀ lé ni pé kó tó lè pẹ́ dáadáa, ó yẹ kí ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí fi nǹkan bíi 50 °C tutù ju ibi yẹn lọ. Ẹ ṣe ìṣirò náà: -8 °C! Ta ló ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn?

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á po oògùn mọ́ pọ́límà, irú ohun tí ike jẹ́, kó lè di mólékù mú. Oògùn HIV kan wà tó jẹ́ lopinavir pẹ̀lú ritonavir. Ní 1998, ritonavir ti kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà tí kírísítálì tuntun kan, tí kò fẹ́ yọ́ rárá, ṣàdédé yọjú nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ní láti kó kápúsù rẹ̀ kúrò lọ́jà. Nígbà tó yá, kápúsù tí wọ́n fi oògùn méjèèjì ṣe pọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì. Tó bá wà níta, kò gbọ́dọ̀ ju 25 °C lọ, oṣù méjì péré ló sì ní. Ní 2005, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tó jẹ́ oníhóró, tí mólékù oògùn ti fọ́n káàkiri inú pọ́límà. Ìyẹn ò nílò fíríìjì. Ẹni tó ń gbé níbi tí iná ò sí fún ọjọ́ mẹ́ta mọ ohun tí gbólóhùn kékeré yẹn túmọ̀ sí.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé oògùn àti pọ́límà pò dáadáa? T1 ni ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Tí àwọn méjèèjì bá pò débi tí wọ́n fi súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, àwọn kóró háídrójìn wọn á máa pín agbára láàárín ara wọn, bí ẹni méjì tó ń jẹun nínú àwo kan. Àsìkò ìfarabalẹ̀ wọn á dọ́gba. Tí oògùn bá ti ń yọ́ kúrò láàárín pọ́límà láti lọ dá dúró, àwo á di méjì, T1 náà á di méjì, kódà kí ojú èèyàn tó rí nǹkan kan.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí i lára páálí oògùn pé kẹ́ ẹ má tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbóná ju 30 °C lọ, tàbí pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà nínú ìdì rẹ̀, ẹ má fojú di í. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, ẹ má sì tò ó jọ sí ilé ìwẹ̀ tí oru omi wà. Ó lè dà bíi pé oògùn náà kàn jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ báyìí pé kò jókòó jẹ́ẹ́.

Ó dìgbà kan ná o. Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, màá dáhùn.